Ẹ Sọ Ibi Tí Kò Ti Jọ Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráàyè wá.

Kí n tó là á, mo júbà àgbà. Ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀ níwájú yín. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ fà mí létí, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ọ̀rọ̀ títọ́ni sọ́nà gan-an ni mo wá sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa.

Ìyá tó bí màmá mi, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á gbé e gba Itoikin wá sí Ìkòròdú. Àwọn kan nínú yín ti jẹ níbẹ̀ rí, ẹ tiẹ̀ lè jẹ gbèsè wọn títí dòní! Wọ́n ti di ẹni àná báyìí. Nígbà tí a wá fọ́tò wọn, méjì péré la rí. Ọ̀kan jẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Èkejì, ẹnì kan ló fi fóònù yà á níbi òde kan, wọ́n jókòó sẹ́yìn, gèlè ẹlòmíràn sì bo ìdajì ojú wọn.

Nígbà náà, yàtọ̀ sí ohun tí mò ń kà ní yunifásítì, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí n gbẹ́ orí ìyá àgbà, kí n fi ta màmá mi lọ́rẹ. Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe é. Iná á lọ, iná á dé, láptọ́ọ̀pù á gbóná bí ààrò, mi ò dákẹ́. Ọjọ́ tí mo parí, mo pe màmá mi, mo yí ère náà síwá sẹ́yìn fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní, "Ó dáa o, ọmọ mi. Ta ni?"

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní kúkurú. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Blender. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Òmíràn ń jẹ́ Nomad Sculpt, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe fíìmù àti géèmù lókè òkun a máa lo ZBrush. Èyí ó wù kó jẹ́, bí amọ̀ ló ṣe rí. Ẹ ó rí nǹkan roboto kan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ó máa fà á síta, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ ó máa dán an, títí yóò fi di orí èèyàn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí amọ̀ ni pé kì í gbẹ. Bí imú bá tóbi jù lónìí, ẹ lè dín in kù lọ́la, ẹ sì lè fi ti àná pamọ́ bóyá ẹ ó tún padà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Kí ló wá dé tí màmá mi ò fi dá ìyá wọn mọ̀? Mo wádìí rẹ̀, mo rí nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ojú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí máa ń gbé ojú sókè jù. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn orí àgbàlagbà kan láti àtàrí dé àgbọ̀n, ẹ ó rí i pé nǹkan bí àárín méjì ni ojú wà. Èyí tí mo gbẹ́, ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú gèlè lọ.

Èkejì ni fọ́tò. Bí wọ́n bá sún mọ́ èèyàn jù kí wọ́n tó yà á, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ẹ wo sẹ́lífì tiyín, ẹ ó rí i. Ohun tí kámẹ́rà bàjẹ́ ni mo jókòó tì, tí mò ń dà kọ.

Ẹ̀kẹta ni èmi fúnra mi. Mo ti dá wo ère yẹn fún oṣù kan àtààbọ̀, ojú mi ti mọ́ àṣìṣe náà lára. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, tótó ó ṣe bí òwe o. Nígbà tí mo yí ère náà padà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ni mo tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ga ju èkejì lọ.

Àwọn méjì àkọ́kọ́, rúlà àti kọ̀ǹpútà lè bá mi tún wọn ṣe. Ẹ̀kẹta yẹn, àfi èèyàn.

MO GBÉ E FÚN ẸBÍ

Mo gbé ère náà sórí WhatsApp ẹbí wa. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé ó jọ wọ́n?" Ẹnì kan ní ó jọ wọ́n díẹ̀. Ẹnì kan ní kò jọ wọ́n rárá. Àwọn yòókù ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi "kò jọ wọ́n" tún ṣe?

Mo wá yí ìbéèrè padà. Mo ní, "Bí ẹ bá rí ìyá àgbà lókèèrè láàárín ọjà, kí lẹ fi máa ń dá wọn mọ̀?" Háà! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ya. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ní, "Èjí wọn dà?" Òótọ́ ni. Inú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, wọ́n pa ẹnu dé bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó rántí wọn pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ẹlòmíràn ní, "Pélé wọn ńkọ́?" Iná fóònù ti fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn funfun nínú fọ́tò kejì, mi ò rí ilà kankan níbẹ̀, mi ò sì gbẹ́ ẹ. Bàbá kan tó jẹ́ ìbátan màmá mi wá fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Etí wọn ni o ò mú. Etí wọn kì í ṣe báyìí. Bó o bá tún un ṣe, fi hàn mí, màá júwe rẹ̀ fún ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn mí. Mo ti fi oorun du ara mi lórí iṣẹ́ yìí, wọ́n wá ń ka àléébù rẹ̀ bí ẹní ń ka iṣu. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún ẹbí pé ìdánwò ni mò ń ṣe lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ti parí.

Ìgbà tí inú mi rọ̀, mo padà sídìí rẹ̀, mo fi èjí sí i, mo fi pélé sí i. Mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí bàbá yẹn. Màmá mi ní ṣé mi ò tíì gbọ́ ni. Bàbá ti kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ohun tí wọ́n fẹ́ júwe nípa etí ìyá àgbà, wọ́n gbé e lọ. Mo bi gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ẹnì kan ní etí ṣáà ni etí. Títí di òní, etí tó wà lórí ère yẹn, mo méfò rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àmọ́ èmi mọ̀.

Ìyẹn ló lé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà tó kù. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù síwájú wọn. Ojú wọn ti di bàìbàì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Sún mọ́ mi." Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lójú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ ojú mi lọ dé ìdí etí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Egungun ibí yìí, tiwọn ni. Ó ga báyìí gẹ́lẹ́. Àgbọ̀n yìí kì í ṣe tiwọn o, ìyẹn ti bàbá ẹ."

Mo délé, mo ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi ní fọ́tò láti ọ̀tún, láti òsì, láti ìsàlẹ̀. Mo gbẹ́ egungun yẹn bí wọ́n ṣe wí. Ìgbà tí màmá mi rí i, tó jẹ́ ìgbà kẹrin, wọn ò bi mí pé ta ni. Wọ́n dákẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá ní, "Èjí yẹn fẹ̀ jù díẹ̀. Tiwọn ò fẹ̀ tó yẹn." Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé a ti débẹ̀, torí ẹni tí a bá mọ̀ la máa ń jà lé lórí bẹ́ẹ̀.

KÌ Í ṢE NǸKAN TUNTUN

Ẹ má rò pé àṣà òyìnbó ni mo gbé dé. Ní nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri àwọn ìlú Yorùbá, ó ń gbé ère síwájú àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ wà lára wọn, oníṣòwò wà níbẹ̀, olóyè wà níbẹ̀. Ó gbé ohun tó gbọ́ jáde lọ́dún 1973. Ó bá a pé àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ère, ọ̀kan nínú wọn sì ni jíjọra: kí ère jọ èèyàn, àmọ́ kó má jọ ọ́ jù. Ẹ wo ère ìbejì. Orí rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo ara, bẹ́ẹ̀ orí èmi àti ẹ̀yin ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére ò mọ ìwọ̀n, orí ló fẹ́ kí á rí.

Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní àkó. Bí èèyàn ńlá bá kú, wọ́n á ṣe ère rẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olóògbé, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Tiwọn ní láti jọ olóògbé dáadáa. Gbogbo ìlú ló ń wò ó, gbogbo ìlú sì ni adájọ́.

Thompson náà sọ pé ní ìgbà tí ara bá le, tí ojú dán, ni àwọn agbẹ́gilére wa máa ń gbẹ́ èèyàn sí, ì báà ti dàgbà títí. Ìyẹn ló bá wa parí ìjà kan nínú ẹbí. Àwọn kan fẹ́ kí ìyá àgbà hunjọ bí wọ́n ṣe rí kẹ́yìn. Àwọn kan ní rárá, wọn ò fẹ́ rí àìsàn lójú ìyá àwọn. A fẹnu kò sí ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ìyá ti ìgbà wo lẹ fẹ́ rántí?

OHUN TÓ KÀN WÁ

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ pé kí á gbé ère àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ síwájú gbọ̀ngán. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn abúlé kan tó ń jẹ́ Celoron, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí òṣèré apanilẹ́rìn-ín Lucille Ball ti dàgbà. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé ère rẹ̀ sí ọgbà abúlé náà. Ère ò jọ ọ́. Ojú rẹ̀ le débi pé àwọn èèyàn sọ ọ́ ní orúkọ, wọ́n ní Lucy adẹ́rùbani. Títí di 2016 ni wọ́n fi ń pariwo, kí wọ́n tó gbé òmíràn tí obìnrin kan, Carolyn Palmer, ṣe síbẹ̀. Ìlú tirẹ̀ ni o! Àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n jù lọ.

Nílé níbí náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ère Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí Hamza Atta ṣe, ní Ìkẹjà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ariwo fi gba íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bàtà onídè tó wà lẹ́sẹ̀ ère kò bá agbádá lọ. Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ayàwòrán ní òye tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i tán ni ará ìlú tó sọ̀rọ̀, nǹkan sì ti le. Amọ̀ orí kọ̀ǹpútà kì í gbẹ, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ló yẹ kí á ti jà á, kí á tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí AI ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ìyá arẹwà kan ló gbé jáde fún mi. Kì í ṣe ìyá wa. Kò mọ èjí, kò mọ pélé, kò sì kúnlẹ̀ níwájú ẹnì kankan ní Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Ẹ wá fọ́tò jáde. Èyí tó ti ṣá, èyí tó ya, èyí tí wọ́n dúró sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ la fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ orí ṣe pàtàkì gan-an, torí fọ́tò iwájú kì í sọ bí imú ṣe ga tó.

Ẹ jẹ́ kí á gba àṣẹ ẹbí kí á tó fọwọ́ kan ojú òkú ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ń fi ère hàn yín, ẹ má gbé e síta. A ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ojú bàbá wa polówó ọjà.

Bí ère bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kọ "kò jọ ọ́" nìkan. Ẹ sọ ibi tó wà: ìpéǹpéjú ni, àbí ètè, àbí ọrùn? Ẹ sọ ẹni tó jọ nínú ẹbí: "imú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ rẹ̀ kejì." Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ ju ogún àdúrà lọ fún ẹni tó ń gbẹ́ ère. Ẹ gbé fọ́tò àti ère sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí àwọn Ikorodu Bois ṣe máa ń gbé fíìmù tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó kí oníkálukú fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹ má tíì sọ ọ́ nínú gúrúùpù, torí bí àgbà kan bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo wa a máa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má sì torí pé ọmọ yín ni mí kí ẹ wá máa pọ́n mi lé. Tèmi ni kí n gbọ́, kí n má jiyàn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá tọ́ka sí ibì kan náà, ibẹ̀ ní àrùn, bí oògùn tí wọ́n júwe ò bá tiẹ̀ tọ̀nà. Àǹtí mi kan ní imú ìyá àgbà tóbi jù. Mo dín in kù, kò tún jọ wọ́n sí i. Àṣé ojú méjèèjì ni mo sún mọ́ra jù. Ibi tí wọ́n nawọ́ sí kúkú ni, àárín ojú.

Ìgbà mẹ́ta ó kéré tán ni kí á fi ère kọ̀ọ̀kan han àwọn tó mọ olóògbé kí ẹgbẹ́ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó dàgbà jù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ti ṣú, a máa lọ bá wọn nílé. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti yan ẹni mẹ́rin tí yóò máa lọ, méjì fún ìhà Ìkòròdú, méjì fún ìhà Ẹ̀pẹ́. A máa gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú àwọn tó lọ. Bí a bá tún sún un di ọdún tó ń bọ̀, mo bẹ̀rù pé etí nìkan kọ́ la ó máa méfò.

Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pe àgbà kan nínú ilé yín, ẹ bi í pé, "Kí lẹ fi máa ń dá a mọ̀ lókèèrè?" Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o. A ò ní fi ikú ṣe ìpàdé.